Omi Kò Lọ́tàá, Àfi Nínú Epo Ọkọ̀: Ìtàn Ìtọ́jú Epo Ọkọ̀ Ojú Omi ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ kò ní jiyàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Omi ni títì wa, omi ni oko àwọn apẹja wa, ẹ̀bá omi sì ni ọ̀pọ̀ ọjà wa wà. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi ayé òde òní tí òun àti omi kò lè gbé pọ̀. Ohun náà ni epo pẹtiróòlù tó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ tó bá bá epo wọ inú ẹ́ńjìnnì lè mú kí ó kú láàárín ọ̀sà, níbi tí kò sí mẹkáníìkì, tí ìgbì sì ń bì lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mọ́tò tó bá kú lójú títì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ ojú omi kò ní ibi tí yóò yà sí. Ibi tí atẹ́gùn àti ìgbì bá gbé e lọ náà ni yóò lọ, tòun ti gbogbo èrò inú rẹ̀.

Nítorí náà, bí a ṣe ń tọ́jú epo ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó sì ní ìtàn tirẹ̀.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà, Sweden àti apá àríwá Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́kọ̀ mọ ìgbà tí ìtọ́jú epo kàn. Bí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, tí adágún omi fẹ́ di yìnyín, wọn a gbé ọkọ̀ wọn gòkè, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí wọ́n tó fi aṣọ bo ọkọ̀ náà, wọn a da oògùn kan sínú epo tó wà nínú táǹkì, kí epo náà má baà bàjẹ́ kí ooru tó padà dé. Iṣẹ́ ọdọọdún ni lọ́dọ̀ wọn, bí ìgbà tí àgbẹ̀ tiwa bá ń kó àgbàdo sí àjà.

Àwa kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ wa kì í sọ ọ̀sà di yìnyín, ọkọ̀ wa sì lè rìn láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá. Ẹnìkan lè tìtorí ìyẹn rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé epo tiwa náà ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òtútù ló ń tẹ́ ẹ sùn. Ohun mẹ́ta ló ń tẹ́ epo wa sùn: òjò, koríko ojú omi, àti ọ̀wọ́n epo. Ìtàn ilẹ̀ wa ló sì bí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà, àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbòkun ni wọ́n fi ń mú ọkọ̀ rìn. Ìkòròdú jẹ́ èbúté tí àwọn ará Rẹ́mọ ń gbà kó ọjà lọ sí Èkó. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ọjà Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń gbà jáde sójú omi. Ọkọ̀ igi ló ń kó epo pupa, àgbàdo, aṣọ àti ẹja káàkiri gbogbo ibẹ̀. Bí a bá béèrè pé kí ni epo tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń jẹ, ìdáhùn rẹ̀ kò le: oúnjẹ atukọ̀ ni. Gàárì, ẹ̀kọ àti ẹja gbígbẹ ló ń di agbára apá, agbára apá ló sì ń di ìrìn ọkọ̀. Atukọ̀ kì í gbé gàárì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ń sun sí. Ó mọ̀ pé gàárì tí omi bá kàn lójú ọ̀nà yóò wú, yóò sì bu. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ìtọ́jú epo ọkọ̀ nìyẹn: má ṣe jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà títí di òní.

Ọdún 1851 ni agbára tuntun fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀sà Èkó, inú ogun ló sì ti fi ara hàn. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó wá ni Bloodhound àti Teazer, ọkọ̀ elééfín tí iná èédú ń mú ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò nílò atẹ́gùn, kò sì rẹ̀ wọ́n bí ó ṣe ń rẹ atukọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tóbi, omi ibẹ̀ kò sì jìn. Teazer fi ìdí kanlẹ̀ lójú ogun, ó sì há síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ogun náà le jù, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ọkọ̀ igi, wọ́n gba ojú ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì wá fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ló tó padà sí Èkó. Títí di òní, apá kan ìlú náà ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́, apá kejì ń jẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́.

Mo mẹ́nu kan ogun yìí nítorí ohun kan tí a kì í sábà kíyè sí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ṣẹ́gun náà kò lè rìn ju ibi tí èédú rẹ̀ bá lè gbé e dé. Ọkọ̀ tó sá náà kò bẹ ẹnikẹ́ni fún èédú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tuntun ti wọ ojú omi wa: ta ló ní epo, níbo ló kó o pamọ́ sí, báwo ni yóò sì ṣe pẹ́ tó?

Nígbà ìjọba amúnisìn, ọkọ̀ elééfín kéékèèké ti ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ń ná orí ọ̀sà. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó èédú wọn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú ní Enugu, ọdún 1915 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á níbẹ̀. Èédú pàápàá ní òfin ìtọ́jú tirẹ̀. Bí wọ́n bá kó o jọ ga jù, inú òkìtì náà lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣá iná sí i. Ẹ ò rí i pé kò sí epo tí a kàn lè kó jọ, kí a sì gbàgbé?

Lẹ́yìn náà ni epo olómi dé. Karosíìnì ló kọ́kọ́ wọ ilé wa, nítorí àtùpà. Inú agolo onígun mẹ́rin tó ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Nígbà tí epo bá tán, àwọn ènìyàn a ṣí orí agolo náà, wọn a fi í pọn omi, wọn a sì máa pè é ní garawa. Pẹtiróòlù tẹ̀lé e nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Láàárín ọdún 1908 sí 1914, òyìnbó oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Simon Bergheim àti iléeṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ láti wá epo ní agbègbè Àrárọ̀mí, nítòsí Òkìtìpupa. Ojú omi tó gba Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kìí kọjá ló lọ sí apá ibẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dé, iṣẹ́ náà sì dúró. Epo tí wọ́n wá lọ sí etí ọ̀sà wa kò jáde, nítorí náà ilẹ̀ òkèèrè ni a ti ń ra tiwa.

Ogun Àgbáyé Kejì kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí a ń rọ epo sí. Ìjọba amúnisìn fi ìdíwọ̀n sí pẹtiróòlù ní Nàìjíríà nígbà náà. Ní ojú ogun, agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò máa ń jò, ọ̀pọ̀ epo wọn sì ń ṣòfò. Àwọn ará Jámánì ti ṣe agolo irin tó le, tó ń gba lítà 20, tó ní ọwọ́ mẹ́ta tí a lè fi gbé e, tí ìdérí rẹ̀ sì ń dé pinpin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wo èyí, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Òun ni gbogbo ayé wá ń pè ní jẹ́ríkàn. Kẹ́ẹ̀gì oníke tí a ń rí ní èbúté wa lónìí jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tó rẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi gbé òróró tàbí omi kí wọ́n tó rọ epo sí wọn.

Ẹ́ńjìnnì tó yí ayé àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké padà ni ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ole Evinrude, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Norway, tó sì ń gbé Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní ọdún 1909, ọdún kan náà tí wọ́n rí èédú ní Enugu. Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Yamaha ti ilẹ̀ Japan ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wá tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn apẹja àti àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìrìn tó ń gba atukọ̀ ní ọjọ́ kan wá di ìrìn wákàtí díẹ̀. Obìnrin oníṣòwò lè ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, kí ó sì tà á níbòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣùgbọ́n àjẹ̀ kì í bàjẹ́ nítorí pé a gbé e sílẹ̀ fún oṣù kan. Pẹtiróòlù ń bàjẹ́. Olè mẹ́ta ló ń jà á: afẹ́fẹ́, ooru àti omi. Afẹ́fẹ́ ń bá epo jà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra bí oje igi. Oje yìí ló ń dí ihò tín-ín-tín inú kábúrétọ̀. Ooru ń lé apá tó fúyẹ́ nínú epo jáde bí ooru ọbẹ̀, apá náà gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì nílò kí ó tó lè tètè gbiná. Omi ní tirẹ̀ kì í pò mọ́ epo. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, ṣùgbọ́n lítà pẹtiróòlù kan kò ju nǹkan bí 740 gíráàmù lọ. Nítorí náà, omi a rì sí ìdí kẹ́ẹ̀gì, a dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́, títí ọ̀pá tó ń fa epo yóò fi fà á wọ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi lè dáhùn dáadáa ní èbúté, kí ó sì kú lójú agbami.

Nígbà wo wá ni epo ń sùn lọ́dọ̀ wa? Ìgbà àkọ́kọ́ ni ìgbà òjò. Nínú oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, ìjì àti ìgbì lè mú kí ọlọ́kọ̀ kékeré dúró sílé. Afẹ́fẹ́ ìgbà náà kún fún ọ̀rinrin. Lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ọ̀rinrin inú kẹ́ẹ̀gì tí epo inú rẹ̀ kò kún a di ẹ̀kán omi sára ike, a sì sun wọ inú epo.

Ìgbà kejì ni ìgbà koríko ojú omi, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésèé àlùkò. Koríko yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí ó gba ojú omi Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé gbogbo ọ̀sà wa. Bí àgbàrá odò bá gbé e dé, ó lè bo èbúté bí ẹni tẹ́ ẹní. Ó ń lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí nínú omi, ó sì ń dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tí yóò fi tutù. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbọ́n a dúró. Bí ọkọ̀ bá sì dúró, epo inú rẹ̀ náà dúró nìyẹn.

Ìgbà kẹta ni ìgbà ọ̀wọ́n epo, òun ló sì yani lẹ́nu jù. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á sókè òkun ní ọdún 1958, iléeṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́bàá Port Harcourt ní ọdún 1965. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ ìlà ilé epo dáadáa. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, iye owó pẹtiróòlù fò láti ₦65 sí nǹkan bí ₦141 lítà kan. Ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de tẹ̀lé e, ìjọba sì dá a padà sí ₦97. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, NNPC kéde pé epo tí wọ́n kó wọlé láti Belgium ní methanol tó ju ìwọ̀n lọ. Wọ́n ní láti kó o kúrò lọ́jà, ọ̀wọ́n epo sì tẹ̀lé e. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà ẹni tó ní ọkọ̀ lójú omi ní ìdí méjì láti bẹ̀rù rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tí kò tó ₦200 ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦500.

Kí ni ọlọ́kọ̀ ń ṣe lásìkò bẹ́ẹ̀? Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe nígbà tí ìyàn bá ń bọ̀ náà ni: ó ń kó pamọ́. Ó ra kẹ́ẹ̀gì méjì lé ohun tó nílò, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé tàbí abẹ́ ibùsùn. Kò sí ẹni tó lè bú u, nítorí pé ọkọ̀ tí kò lépo kò lè bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n níbí ni ewu ńlá wà. Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló máa ń fà lé, a sì máa rìn lábẹ́ ilẹ̀kùn títí yóò fi kan iná sítóòfù tàbí ẹ̀rọ amúnáwá. Karosíìnì kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé tó ti bá karosíìnì gbé láti ìgbà garawa fi ń rò pé irú kan náà ni méjèèjì. Wọn kì í ṣe irú kan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, páìpù epo tí wọ́n ti lu ihò sí bú gbàmù ní Ilado, létí omi ní Èkó. Àwọn tó wá bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní báyìí, báwo ni a ṣe lè tọ́jú epo tó fẹ́ sùn? Tí a bá fi ohun tí àwọn ilẹ̀ olótùútù ń ṣe àti ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ tiwa ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ọgbọ́n kan náà ni, aṣọ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Lọ́nà kìíní, àwọn ará ibẹ̀ a rọ epo kún táǹkì ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣẹ́kù ju àyè díẹ̀ lọ, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà ni ọ̀rinrin ń gbé. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: kẹ́ẹ̀gì kan tó kún sàn ju kẹ́ẹ̀gì méjì tó dé àárín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyè díẹ̀ kù lókè, nítorí ooru ilẹ̀ wa ń mú kí epo wú.

Lọ́nà kejì, oògùn epo tí wọ́n ń lò ń dín jíjà tí afẹ́fẹ́ ń bá epo jà kù. Inú epo tuntun ni wọ́n ń dà á sí, wọn a sì mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí epo tó ní oògùn lè dé inú kábúrétọ̀. Kò sí oògùn kankan tó ń jí epo tó ti kú. Níbi tí oògùn náà kò bá sí, ohun tó rọ̀ wá lọ́rùn ni kí a má ra ju ohun tí a lè lò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, kí a kọ ọjọ́ tí a rà á sára kẹ́ẹ̀gì, kí a sì lo èyí tó pẹ́ jù ṣáájú. Olóunjẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í se ìrẹsì tuntun kí ó tó ta ti àná.

Lọ́nà kẹta ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa jẹ́ irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50 ni ìwọ̀n tí a mọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò ní tuntun, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì ni kí a tẹ̀lé. Epo tí a ti po kì í pẹ́ tó epo tí a kò tíì po. Nítorí náà, bí epo yóò bá sùn, kí ó sùn láìní ọ́ìlì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ jáde ni kí a tó po ó.

Lọ́nà kẹrin, bí ọkọ̀ yóò bá dúró pẹ́, kí a yọ rọ́bà tó ń gbé epo wá, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jẹ epo tó kù nínú rẹ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ wà nínú omi nígbà tí a bá ń ṣe èyí, nítorí omi ọ̀sà ló ń mú un tutù.

Lọ́nà karùn-ún, kí a tó lo epo tó ti sùn, kí a bu díẹ̀ láti ìdí kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí a gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò fi ara rẹ̀ hàn nísàlẹ̀ bí ìlà méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn. Bí epo náà bá dúdú bí tíì, tí òórùn rẹ̀ sì kan, kò yẹ kí ó bá èrò wọ ojú omi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ìgò yìí sì ni ojú ọlọ́kọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ńlá náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìpínlẹ̀ Èkó ra ọkọ̀ èrò Baba Kékeré àti Ìtafàjì. Dísù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Dísù kì í tètè gbiná bí pẹtiróòlù, ṣùgbọ́n bí omi bá dúró sí ìdí táǹkì rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí a máa gbé níbi tí omi àti epo ti pàdé, wọn a sì sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí asẹ́. Ní ọdún 2008, ìpínlẹ̀ Èkó dá LASWA sílẹ̀ láti máa bójú tó ojú omi rẹ̀. Ó sì dára láti rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ ìdáàbòbò ti ń wọ etí àwọn èrò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ epo náà wọ etí wọn. Èrò tó bá rí i tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì rọ epo sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí èrò wà nínú ọkọ̀, tàbí tó rí ẹni tó ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ ná.”

Ìtàn ń yí lọ. Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, tó wà lábẹ́ ẹkùn Ẹ̀pẹ́, ni iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote wà báyìí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Wọ́n ṣí i ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, pẹtiróòlù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Epo tí Bergheim ń wá ní apá ìlà-oòrùn ọ̀sà kan náà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti wá di ohun tí wọ́n ń fọ̀ ní etí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Omi Èkó, láti mú ọkọ̀ oníná wọ ojú omi. Ó lè jẹ́ pé àwọn àbúrò wa kò ní mọ òórùn pẹtiróòlù ní èbúté. Ṣùgbọ́n bátìrì náà ní ohun tó kórìíra. Kì í fẹ́ ooru tó pọ̀ jù, kì í sì í fẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú òun.

Láti orí gàárì atukọ̀ dé orí èédú Bloodhound, láti orí garawa dé orí kẹ́ẹ̀gì, gbogbo agbára tó wọ ojú omi wa ló mú òfin ìtọ́jú tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá kọ́ òfin náà ń dé èbúté. Àwọn ilẹ̀ olótùútù kọ òfin tiwọn sínú ìwé nítorí pé òtútù ń dé lọ́dọọdún, kò sì gbàgbé ẹnikẹ́ni. Tiwa wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn mẹkáníìkì tó ti dàgbà sí èbúté. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ kíláàsì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìgò epo àti omi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ ìtọ́jú yín, pẹ̀lú òróró ìdáná dípò pẹtiróòlù, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí omi ṣe ń rì. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù sínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ lọ bá awakọ̀ ojú omi tó bá súnmọ́ yín, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè bí ó ṣe ń tọ́jú epo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.